Iṣẹ́ Ẹrú Tí A Rán Ẹ̀rọ

Nínú gbogbo òwe tí àwọn baba wa fi kọ́ wa ní ìwà ọmọlúàbí, ọ̀kan wà tí mo ti gbà láti kékeré láìbi í léèrè, òun náà ni èyí tí ó ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: bí ọ̀rọ̀ tí a fi rán ọ bá korò, fi ẹnu rere tún un ṣe kí ó tó dé etí ẹni tí a rán ọ sí, bí ó bá wọ́, tọ́ ọ, bí ó bá lábùkù, bò ó láṣìírí. Ọ̀pọ̀ ìjà ni òwe yìí ti pa kí iná rẹ̀ tó ràn, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì jẹ́ kí ó tú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí mo ń gbìyànjú láti ṣe àdàkọ ohùn tí ó wà lórí síídì àtijọ́ kan, ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìránṣẹ́ kan wà tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ, àti pé ìbéèrè tí àwọn àlùfáà, àwọn adájọ́ àti àwọn awo ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, èyíinì ni pé ẹ̀rí ta ni kí a gbà, ẹ̀ẹ̀mélòó ni ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí a tó gbà á, ti wọ inú àpótí irin kékeré kan tí kò ju Bíbélì lọ.

Síídì náà kì í ṣe èyí tí a ń rà lọ́jà. Nígbà tí a ń ṣe ìsìnkú ìyá bàbá mi, wọ́n pe àgbà onírárà kan láti abúlé kejì, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo, tí ó lè ki ìran kan láti orí ẹni tí ó wà láàyè títí dé orí ẹni tí ó tẹ ìlú dó láìmí kanlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gba ohùn rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí síídì mẹ́ta péré. Ọ̀kan bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí òkè òkun, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, èkejì ṣẹ́, ẹ̀kẹta ni ó wà nínú mọ́tò bàbá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìní àpò, láàrin ìwé àti kọ́kọ́rọ́, tí eruku àti oòrùn ń fi í ṣe ohun tí ó wù wọ́n. Onírárà ti di ará ọ̀run. Ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀ pàápàá kò ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé síídì yẹn sójú ìmọ́lẹ̀, tí mo sì rí àpá tí ó họ gbọọrọ lára rẹ̀ bí ilà ojú ará Ọ̀yọ́, mo mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó kù nínú ẹjọ́ tí mo ní, ẹlẹ́rìí náà sì ti fara gbọgbẹ́.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ohun tí síídì jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa lò ó títí ó fi gbó láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Họ́láńdì àti Sony ti ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n parapọ̀ gbé e kalẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1982 ni ó kọ́kọ́ dé ọjà ní Jàpáànù, ọdún kan náà tí King Sunny Adé gbé àwo rẹ̀ Juju Music jáde fún gbogbo ayé. Lórí àwo pẹlẹbẹ yìí, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, kò sí orin kankan. Nọ́ḿbà ni ó kún ibẹ̀. A ti wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀, a sì ti kọ iye tí a rí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ihò wínníwínní tí ó tò láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀, tí ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Iná lésà ni ó ń tọ ipa náà, tí ó ń kà á. Ti èyí tí a fi kọ̀ǹpútà kọ, irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi, kò ní ihò: aró ni wọ́n fi bò ó nínú, iná sì ti jó àpá sára aró náà, bí a bá sì sá a sóòrùn jù, yóò ṣá bí àdìrẹ tí a gbàgbé sórí okùn.

Ẹni tí ó bá rò pé nọ́ḿbà kì í ṣìnà kò tíì bá nọ́ḿbà gbé. Ìka ọwọ́ tí ó ti kan epo, eruku tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ó tó láti bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ḿbà mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ṣe síídì mọ èyí, wọ́n sì yá ọgbọ́n kan lò tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Irving Reed àti Gustave Solomon, ti kọ sílẹ̀ ní ọdún 1960. Wọ́n ṣe bí ìyá alájàpá tí ó ń lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, tí ó di owó díẹ̀ sínú tòbí, díẹ̀ sí etí aṣọ, díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, kí olè tí ó bá dá a lọ́nà má baà kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: wọ́n tú nọ́ḿbà orin ká sí ibi púpọ̀, wọ́n sì fi 8 ṣe ẹ̀ṣọ́ fún gbogbo 24, débi pé bí àpá tí ó gùn tó mìlímítà 2 bá bo ipa orin, ẹ̀rọ lè ṣírò ohun tí ó sọnù padà pérépéré, láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀.

Títí dé ìhín, kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá gùn ju agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ irú àpá tí ó ń tọ ipa orin lọ bí àgbàrá tí ń tọ ojú ọ̀nà, ẹ̀rọ tí ń kọrin fún wa kì í dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ pé òun kò mọ̀. Ó ń wo nọ́ḿbà tí ó ṣáájú àlàfo, ó ń wo èyí tí ó tẹ̀lé e, ó sì ń fi èyí tí ó bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì dí i. Etí rẹ kì yóò mọ̀. Iṣẹ́ ẹrú ni a rán an, ó sì ti fi tọmọ jẹ́ ẹ. Síídì tí a kọ ìwé tàbí ìṣirò sí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: nínú 2,352 báìtì tí ó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, 2,048 péré ni a fi fún ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ó kù jẹ́ ti àmì àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà kí ẹ̀rọ máa fojú wọn owó òun. Orin ni ó ni gbogbo 2,352 tirẹ̀. A kò fi ẹ̀ṣọ́ mìíràn ṣọ́ ọ. Àwọn tí ó dá a ti gbà pé etí a máa dárí jini. N kò bá wọn jà, nítorí ẹni tí ó ń jó níbi ìnáwó kò fẹ́ kí onílù dá ìlù dúró kí ó máa tọrọ àforíjì nítorí ọ̀pá kan tí ó ṣì lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe àdàkọ kì í ṣe oníjó.

Ètò kan wà tí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ lógún máa ń fi fa orin kúrò lórí síídì, Exact Audio Copy ni orúkọ rẹ̀. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Andre Wiethoff ni ó kọ ọ́, ó sì ti wà lóde láti ọdún 1998. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ mọ irú ìránṣẹ́ tí o ń fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní burst ni ìránṣẹ́ tí ń sáré: ó ka síídì lẹ́ẹ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bojú wẹ̀yìn, ohun tí ó bá rí ni yóò kó wá, ó di ọwọ́ rẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní secure ni ti àgbà adájọ́: ibi kọ̀ọ̀kan ni yóò kà ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, yóò tún un kà ní ìgbà 16, títí 8 nínú wọn yóò fi sọ ohun kan náà, bí wọn kò bá sì tíì ṣe ọ̀kan, yóò tún bẹ̀rẹ̀, débi pé bí a bá ní kí ó sa gbogbo agbára rẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí ó burú lè gba kíkà ìgbà 82.

Ta ni yóò rí méjì wọ̀nyí tí kò ní yan èkejì? Èmi náà yàn án, inú mi sì dùn sí ara mi, nítorí ó dà bí ẹni pé mo yan òdodo. Àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo sì gbà pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ nígbà 82 ti kúrò lára òṣìkà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ àṣìṣe mi. Dráìfù tí ń ka síídì ní àpò ìrántí kékeré kan nínú ara rẹ̀, ohun tí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ni ó ń tọ́jú síbẹ̀; bí o bá tún bi í léèrè lójú ẹsẹ̀, kì í padà lọ wo àwo, inú àpò yẹn ni yóò ti mú èsì fún ọ. O bi í lẹ́ẹ̀mejì, o gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí méjì fẹnu kò. Odídẹrẹ́ ni ó ń bá ọ sọ̀rọ̀! Ẹyẹ tí a ń pè ní Ayékòótọ́, tí ó ń sọ ohun tí ó gbọ́ lásọtúnsọ tí a fi ń gbàgbé pé ó gbọ́ ọ ni, kò rí i. Ètò náà mọ èyí, ó sì ní ọ̀nà tí ó fi ń da ohun mìíràn sínú àpò ọ̀hún kí ó tó tún béèrè. Ṣùgbọ́n bí ìwọ tí o ni ín kò bá sọ fún un pé dráìfù rẹ jẹ́ odídẹrẹ́, yóò gbà á ní ẹlẹ́rìí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, n kò sì lè sáré kọjá ibẹ̀. Òfin Mósè ní kí a má ṣe fi ẹnu ẹlẹ́rìí kan dá ènìyàn lẹ́bi, bí kò ṣe méjì tàbí mẹ́ta. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Sùsánà, tí ó wà nínú ìwé Dáníẹ́lì gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ Àgùdà ṣe ní i, yóò rántí pé àgbà méjì ni ó dìde sí obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ wọn bá ara mu láìkù síbì kan, òfin sì ti rí iye tí ó ń béèrè. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe? Kò wá ẹlẹ́rìí kẹta. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé abẹ́ igi wo ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, kálukú sì dárúkọ igi tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ hádíìsì nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, nítorí bí a bá kó ènìyàn mẹ́wàá jọ tí wọ́n jùmọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi ni pé ẹnu ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ẹnì kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní mutawátírì, tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ mọ́, ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò ní ìran kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ṣeé ṣe kí wọ́n jùmọ̀ gbìmọ̀ irọ́. Nínú ẹgbẹ́ àwọn babaláwo wa náà, níbi tí 256 Odù ti ń lọ láti ẹnu dé etí láìsí ìwé, a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ fún ìrántí awo kan: ní ìpàdé ni wọ́n ti ń kì í, àwọn tí ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn jókòó tì í, ẹni tí ó bá sì gbé gbólóhùn gba ibi tí kì í gbà, wọn yóò dá a dúró.

Wo ohun tí àwọn ìjọ mẹ́ta wọ̀nyí, tí wọn kò jọ sin ọ̀nà kan, fẹnu kò lé lórí: iye ìgbà tí a sọ ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan, bí kò bá ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Bí èyí bá sì jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé burst tí mo fi ojú ìyà wò kì í ṣe ẹni ìyà. Ní kí ó ka orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o kọ nọ́ḿbà àkópọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí yóò yí padà bí ẹyọ kan bá yí padà nínú orin náà. Lẹ́yìn èyí ní kí ó tún gbogbo rẹ̀ kà. Orin ìṣẹ́jú 4 lé ní mílíọ̀nù 42 báìtì, àpò ìrántí dráìfù kò sì súnmọ́ ìwọ̀n yẹn; kí ó tó ka orin tán, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti fò lọ lórí rẹ̀, yóò ní láti padà lọ wo àwo ni. Bí adájọ́ tí ó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí rojọ́ títí ó fi gbàgbé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, tí ó wá ní kí ó tún un rò láti orí. Ohun tí ó tún ju èyí lọ ni àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní AccurateRip, níbi tí àwọn tí ó ní síídì kan náà ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n kà á lórí dráìfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti fi nọ́ḿbà àkópọ̀ wọn ránṣẹ́. Dráìfù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó fi ń tètè bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó fi ń pẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní bí wọ́n ṣe ń fa ohùn, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìyẹn dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti mú un dọ́gba, bí tìrẹ bá bá ti 50 àlejò tí o kò rí rí mu, sáré tí burst sá kò bà á jẹ́ rárá, ìgbà 82 ti secure kò sì lè fi ohunkóhun kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí àwo rẹ̀ wọ́pọ̀. Tèmi ńkọ́? Mo wá a nínú àkójọ yẹn, n kò bá a, n kò sì retí pé màá bá a, nítorí onírárà abúlé tí a kọ ohùn rẹ̀ sórí àwo mẹ́ta kò ní àlejò 50 tí yóò dúró tì í. Ọ̀pọ̀ nínú ohùn tí ó ṣeyebíye jùlọ ní ilẹ̀ wa ni ó rí báyìí, orin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wáàsí ààfáà, ewì ìsìnkú, gbogbo èyí tí a kọ fún ìdílé tí a kò tà lọ́jà. Níhìn-ín ni secure ti wúlò, kì í ṣe pé ó jẹ́ olóòótọ́ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé nígbà tí kò bá sí ẹlẹ́rìí méjì, ohun tí ó kù ni láti wádìí ẹyọ kan náà wò fínnífínní. Mo kọ́kọ́ sọ fún ètò náà pé odídẹrẹ́ ni dráìfù mi. Mo wá jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó kà á fún wákàtí méjì ó lé, ó ń kùn, ó ń dákẹ́, ó tún ń padà bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, nígbà tí ó sì parí, ó kọ ibi méje sílẹ̀ tí ó ní òun fura sí.

Mo gbé síídì náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkángun àdúgbò wa. Ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí dráìfù yín nìkan dá ẹjọ́ yìí. Mo ní èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ níbí. Bí kò bá lè ka ibì kan, òun fúnra ẹ̀ á sọ pé òun ò lè kà á."

"Àbúrò, ṣé ẹ̀rọ tó ń jẹ́wọ́ àìlera rẹ̀ ló wá dára ju èyí tó dákẹ́ lọ?"

"Ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà. Èyí tó dákẹ́ ló ń dà yín láàmú."

Òdodo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: àwọn dráìfù kan wà tí ó ń fi àmì tí wọ́n ń pè ní C2 sọ báìtì tí wọn kò lè tún ṣe, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ìjẹ́wọ́ wọn pàápàá kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Nínú ibi méje tí tèmi fura sí, ó ka márùn-ún yanjú, kò sì yí ohùn padà bí a ṣe tún un kà tó. Ó ku méjì. Níbi méjì yẹn, dráìfù tèmi ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní tirẹ̀, kò sì sí Dáníẹ́lì nílé.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni mo ń fi gbogbo wàhálà yìí wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn tí ó wà lórí síídì náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohùn onírárà, bí kò ṣe ohun tí ẹ̀rọ ọmọdé kan lè gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ láàrin ariwo ìkòkò àti ti ọmọ wẹ́wẹ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, tí ó kọ àwọn orin ìsìn Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone, ẹnu fèrè gbàgàdà ni wọ́n fi ń gba ohùn nígbà náà, kò sì gba gbogbo ohun tí ó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. Ẹni tí ó bá ṣe àdàkọ àwo yẹn lónìí gbọ́dọ̀ da ariwo abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọ pẹ̀lú. Bí ó bá tún un ṣe kí ó lè dùn gbọ́, ó ti bọ́ sípò ọmọ, ó ti kúrò nípò ẹrú. Ohun tí yóò fún wa lè jọ Ransome-Kuti ju àwo náà lọ, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ibi tí ọkùnrin náà parí sí àti ibi tí atúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Jíjẹ́ òótọ́ àdàkọ kì í ṣe jíjẹ́ òótọ́ orin. Ó kéré sí i gan-an, ó sì le jù ú lọ, nítorí pé ẹni tí ń dà á kọ kò gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ tí ó ní sí olórin ṣe ohunkóhun.

Mo ṣe ẹ̀dà méjì nígbẹ̀yìn. Ti àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ètò dí àlàfo méjèèjì bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì fi í fún àwọn àbúrò mi kí wọ́n máa gbọ́ ọ nílé. Ti èkejì, mo fi àlàfo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàfo, mo sì fi ìwé tí ètò kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ó ti sọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí ó fura sí.

Bàbá mi fẹ́ gbọ́ èkejì. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan, nígbà tí onírárà sì dé orí àwọn ìyá ìyá rẹ̀, tí ohùn já lójijì, mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni àlàfo kìíní, pé n kò mọ ohun tí ó sọ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní onírárà kò sọ ohunkóhun níbẹ̀, ikọ́ ni ó hú, nítorí pé òun ni ó gbé omi fún un. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé èmi náà ni o fẹ́ bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé, mo mú yíǹkì pupa, kì í ṣe dúdú tí a fi tẹ ìwé ètò náà, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ní ibi kìíní, bàbá ní ikọ́ ni; ẹnì kan ni ó sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì bi í.